Ènì Tí Alájì Mùsílíù Béèrè Nílé Aṣòfin

Títí di òní, bí ọmọ Yorùbá méjì bá pàdé ní Niamey tí wọ́n sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí Alájì Mùsílíù dìde nílé aṣòfin ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Nígbà tí ilé aṣòfin ṣì ń jókòó nìyẹn. Wọ́n ti ka àbá kan tán lọ́jọ́ náà, pé kí ilé kí àwọn ọmọbìnrin lísè kan, ilé ìwé girama, ní Banifandou kú oríire, nítorí pé wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọ́n ti pe orúkọ àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Olórí ilé ti béèrè bóyá ẹnikẹ́ni lòdì sí i, kò sì sí ẹni tó lòdì. Ó gbé òòlù kékeré ọwọ́ rẹ̀ sókè kí ó fi pa ọ̀rọ̀ náà dé. Òòlù ṣì wà lókè nígbà tí ohùn kan dún láti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí àwọn aráàlú ń jókòó sí:

"Járà dà?"

Gbogbo ilé gbójú sókè. Bàbá arúgbó kan nínú agbádá funfun ló nà ró síbẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó dúró níwájú àtẹ ọlọ́jà. Oyètúndé télọ̀, tó jókòó tì í, ń fa agbádá rẹ̀ wálẹ̀ tipátipá.

"Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ilé ìjọba la wà yìí!"

"Mo mọ̀ pé ilé ìjọba ni," ni Alájì dá a lóhùn. "Ṣé ìjọba kì í ná ọjà ni?"

Ohun tí àwọn Hausa ń pè ní járà ni Yorùbá ń pè ní ènì, ìwọ̀nba tí ọlọ́jà máa ń bù kún ọjà lẹ́yìn tí ẹnu bá ti kò lórí iye rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé Niamey tí kò mọ̀ ọ́n, ìbáà jẹ́ Zarma, ìbáà jẹ́ Hausa, ìbáà jẹ́ àlejò tó dé lánàá. Nítorí náà kò sí aṣòfin kan tó nílò ògbufọ̀. Láti ìlà ẹ̀yìn ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń bọ̀ níwájú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ olórí ilé tí òòlù há mọ́ lọ́wọ́.

Ẹni tí kò bá mọ Alájì Mùsílíù lè rò pé orí rẹ̀ ló dàrú lọ́jọ́ náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ru aṣọ kiri ló jẹ́ nígbà tó dé Niamey. Ó ta aṣọ ní Dar es Salam, àdúgbò kan ní Niamey, títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi funfun, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní Bàbá Elénì, torí pé kò rà, kò sì tà, kí ènì má wà níbẹ̀. Ó máa ń sọ pé ọjà tí kò bá ní ènì kò tíì parí, wọ́n kàn dá a dúró ni. Ẹ má sì rò pé gbígbà nìkan ló mọ̀. Kò sí obìnrin tó ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní fi gèlè kékeré tàbí ìborùn ọmọ kún un. Àwọn obìnrin ń ti Bobiel wá, wọ́n á kọjá lẹ́nu ìsọ̀ àwọn aláṣọ yòókù láìwẹ̀yìn, ọ̀dọ̀ Bàbá Elénì ni wọ́n ń lọ.

Ìsọ̀ Oyètúndé télọ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, pákó lásán ló sì pín wọn níyà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ ní apá kan, wọ́n ti gbọ́ ọ ní apá kejì. Ìdí nìyẹn tí ìtàn Alájì fi pọ̀ lọ́wọ́ Oyètúndé.

Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá Alájì dùbúlẹ̀ tí wọ́n sì gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà ní kó máa lo oògùn kan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

"Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan," ni Alájì wí.

"Alájì, a kì í ná oògùn."

"Ó dáa, lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ óò bá mi fi àdúà kún un."

Ó ti rẹ dókítà, àwọn ènìyàn sì ṣì tò lọ rẹrẹ níta. Ó wo oògùn, ó wo Alájì, ó ní kó máa lo irú kejì tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé ọwọ́ sókè ṣe àdúà. Ara Alájì yá. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ fún aráyé pé iye tí dókítà bá kọ́kọ́ pè, kì í ṣe iye tó fẹ́ gbà.

Oyètúndé, tí í ṣe ọmọ ìjọ, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sọ fún un nígbà kan pé, "Alájì, ẹ lè ná ẹlẹ́ran, ẹ lè ná dókítà, ṣùgbọ́n ẹ ò lè ná Ọlọ́run."

"Ta ló sọ fún ọ?" Alájì ń tún ràwàní rẹ̀ wé. "Ọlọ́run pàṣẹ ìrun, a kí i. Lẹ́yìn náà Ó ní ẹni tó bá wù lè fi nọ́fílà díẹ̀ kún un. Kí ni nọ́fílà, Télọ̀? Ta ló kọ́ ayé ní ènì?"

Oyètúndé délé, ó ṣí ìwé mímọ́ tirẹ̀ kó lè rí ẹsẹ tí yóò fi dá a lóhùn. Gbogbo ẹsẹ tó rí, ẹ̀yìn Alájì ni wọ́n gbè sí. Ó rọra pa ìwé náà dé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ènì náà ti jẹ Alájì níyà rí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ Qòsím fẹ́ gbé ìyàwó, ìdílé Yorùbá kan ní Banifandou ni wọ́n ti lọ tọrọ ọmọ. Ohun gbogbo lọ wẹ́rẹ́. Wọ́n fa ọmọ lé wọn lọ́wọ́, àgbà ilé sì sọ pé, "Alájì, ìyàwó yín rèé."

"Ó wù wá," ni Alájì wí. "Ènì ńkọ́?"

Qòsím dojú bolẹ̀. Ìyá ìyàwó ń wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń wo òrùlé. Ìgbà náà ni Àbẹ̀ẹ́bí, ìyá ìyá ìyàwó, dìde ní kọ̀rọ̀ tó jókòó sí. Obìnrin náà ti dàgbà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú ju abẹ lọ. Ó wọ yàrá, ó gbé àpò aṣọ rẹ̀ jáde, ó ní, "Èmi rèé. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n rò pé eré ni, títí wọ́n fi rí i nínú ọkọ̀. Ilé Alájì ló gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ẹran tó tóbi jù nínú ọbẹ̀, tirẹ̀ ni. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí Alájì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, Àbẹ̀ẹ́bí á pa á, á ní ariwo ń pọ̀ jù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì káàánú Alájì, èsì kan ló ní: "Ẹni tó béèrè ènì kì í yan èyí tí wọ́n máa bù fún un."

Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni Tìfẹ́olúwa, ọmọ Oyètúndé, bá ní àdúgbò. Niamey ni wọ́n bí Tìfẹ́olúwa sí. Ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, òun sì wà lára àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún lísè wọn. Gbogbo ọdún náà ló fi bá wọn gbá a. Ṣùgbọ́n níbi ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá ló ti ṣubú, orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀. Nígbà tí àṣekágbá dé, ọmọ méjìlá péré ni òfin gbà láàyè, wọ́n sì fi ọmọ mìíràn dípò rẹ̀. Aṣọ ilé ló wọ̀ lọ síbẹ̀, ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ọ̀pá ìtìlẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Oyètúndé kò lè dá wo ìyẹn, ó bẹ Alájì pé kó sin òun lọ. Alájì kò rí eré náà rí láyé rẹ̀. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lórí ọ̀pá, ó ń wo àwọn ọmọ tó ń sá sókè sódò, ó sì ń kanjú kó parí.

"Kí ló dé tí tìyẹn fi jẹ́ méjì, tí tèyí wá jẹ́ mẹ́ta?"

"Ibi tí èyí ti jù ú jìnnà ni, Alájì."

"Wọ́n wá fi ọ̀kan kún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Alájì sún síwájú díẹ̀. Kò pẹ́, wọ́n gbá ọmọ kan lọ́wọ́ níbi tó ti ń ju bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù náà wọlé bẹ́ẹ̀. Adarí eré fọn fèrè, ó tún gbé bọ́ọ̀lù fún ọmọ náà pé kó ju ẹ̀ẹ̀kan sí i. Alájì di ọwọ́ Oyètúndé mú.

"Télọ̀, ó ti wọlé, wọ́n sì tún fún un ní òmíràn?"

"Òfin wọn ni."

"Ènì ni!" ni Alájì kígbe. "Ènì ni wọ́n fún un!"

Nígbà tí àkókò parí tí ọ̀mì sì wà, tí wọ́n kéde pé wọ́n máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún eré, Alájì dìde dúró pátápátá. Ó ní gbogbo ọdún tí òun ti wà láyé, òun ò mọ̀ pé àwọn òyìnbó ní eré gidi kan. Nígbà tí àwọn ọmọ Banifandou fi máa borí, ohùn rẹ̀ ti há, fìlà rẹ̀ sì ti sọnù sí abẹ́ ìjókòó ẹni tí kò mọ̀.

Ayọ̀ yẹn pọ̀ títí ìròyìn fi dé pé ilé aṣòfin máa pe àwọn ọmọ náà kí wọ́n kí wọn. Micah, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, ló wá sí ìsọ̀ Oyètúndé. Ọmọ Yorùbá ni òun náà, ṣùgbọ́n Niamey ló dàgbà sí, Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀.

"Bàbá Tìfẹ́, ẹ má bínú. Mo lọ, mo tún lọ. Mo ní ọmọ yìí ló gbé wa dé ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó gba àṣekágbá nìkan. Wọ́n ní méjìlá, c'est méjìlá."

Tìfẹ́olúwa gbọ́, kò sì sunkún. Ohun tó ba bàbá rẹ̀ lẹ́rù gan-an nìyẹn. Kò jáde sí àgbàlá mọ́. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ẹnu kan, á ní òun yó. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá kí i, ó kọjú sí ògiri bí ẹni tó ń sùn.

"Lọ bá wọn sọ̀rọ̀," ni Caroline, ìyàwó Oyètúndé, wí nígbà tó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún un ní ìsọ̀. "Ọmọ yìí ń kú lọ lójú wa."

"Kí ni kí n sọ? Àlejò ni wá níbí. Ṣé àlejò máa ń tún àga onílé tò ni?"

"Ọmọ rẹ kì í ṣe àlejò. Ibí ni wọ́n bí i sí."

Oyètúndé kàn ń tẹ ẹ̀rọ lọ. Ohùn kan ti ẹ̀yìn pákó wá.

"Télọ̀, ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́ wo ni kí ni, Alájì?"

"Ọjọ́ tí wọ́n máa pa ọjà yẹn."

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, àwọn ẹlẹgbẹ́ Tìfẹ́olúwa ló wá fà á jáde. Wọ́n ní bí kò bá lọ, àwọn náà ò lọ. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní bá wọn jókòó nísàlẹ̀. Òkè ló bá bàbá rẹ̀ lọ, Alájì sì jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ kọ̀ọ̀kan, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń dìde, bẹ́ẹ̀ ni Tìfẹ́olúwa ń pàtẹ́wọ́ fún gbogbo wọn tọkàntọkàn. Oyètúndé ń wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ tó kẹ́yìn, ọwọ́ méjèèjì pàdé, wọn ò sì là mọ́. Olórí ilé gbé òòlù. Bàbá ọmọ ń wo ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni Alájì Mùsílíù dìde béèrè járà.

Ẹ̀ṣọ́ méjì ti gun òkè wá kí ẹ̀rín tó rọlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jáde."

"Mo ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n wọ bàtà mi ná."

"Bàtà wà lẹ́sẹ̀ yín."

"Ó ń fún mi ni. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ ọ, kí n tún un wọ̀."

"Kala suuru, Bàbá, kala suuru," ni ẹ̀ṣọ́ kejì fi Zarma bẹ̀ ẹ́, pé kó ṣe sùúrù. Alájì ní sùúrù kò tán lọ́wọ́ òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì.

Nísàlẹ̀, aṣòfin àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Bùkárì ti na ọwọ́. Ọkùnrin yìí ti ta àlùbọ́sà rí kó tó di aṣòfin.

"Olórí ilé, mo bẹ̀ yín, kí wọ́n tó mú bàbá yìí jáde, ẹ jẹ́ ká mọ ènì tó ń béèrè."

"Òfin ni pé aráàlú kì í sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí."

"Kò ní sọ̀rọ̀. Èmi ni n óò máa sọ̀rọ̀." Bùkárì kọjú sí òkè. "Bàbá, ṣé owó ni?"

Alájì mi orí, ó di bàtà kan mú lọ́wọ́.

"Ṣé ilẹ̀ ni?"

Ó tún mi orí. Ó na ìka kan sókè, ó sì fi ìka náà tọ́ka sí ọmọbìnrin gíga tó jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀pá. Tìfẹ́olúwa fi ọwọ́ bo ojú. Àwọn ọmọ tó wà nísàlẹ̀ kò ní àṣẹ láti sọ̀rọ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn yí padà, wọ́n na ọwọ́ sókè, àwọn méjèèjìlá ń tọ́ka sí ibì kan náà. Micah, tó bá àwọn ọmọ náà jókòó nísàlẹ̀, tẹ orí mọ́ aṣòfin tó gbé àbá wá, ó ń sọ ọ̀rọ̀ sí i létí kíákíá.

"Ẹni tó gbé wọn dé àṣekágbá ni," ni aṣòfin náà wí. "Orúkọ rẹ̀ kò sí níbí."

"Mo dá a lábàá," ni Bùkárì wí, "kí ilé fi orúkọ kan kún un."

Olórí ilé gbé òòlù sílẹ̀. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni lòdì.

"Ta ló máa lòdì sí járà ní Niamey?" ni ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn.

Wọ́n ka orúkọ náà. Aṣòfin tó kà á bá a wọ̀yá ìjà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣẹ́gun. Tìfẹ́olúwa dìde lórí ẹsẹ̀ kan, ọ̀pá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ìró rẹ̀, nítorí ilé ti kún fún àtẹ́wọ́. Oyètúndé fẹ́ pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn, ó wá rí i pé òun ṣì di etí agbádá Alájì mú.

Òfin ṣáà ni òfin. Wọ́n ṣì mú Alájì jáde. Oyètúndé sá tẹ̀lé wọn, ó ti ń ronú ẹni tí yóò bẹ̀. Níta, lábẹ́ igi, ó bá Alájì lórí àga àwọn ẹ̀ṣọ́, ó ń mu omi àwọn ẹ̀ṣọ́, ó sì ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe máa ń fún àgbàlagbà ní omi láìfi ohun jíjẹ tì í.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Oyètúndé, Caroline àti ọmọ wọn lọ dúpẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá. Oyètúndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ ò ní ṣe àṣetì. Ọlọ́run yóò..."

"Ó pọ̀ jù."

"Bàbá?"

"Ọpẹ́ yẹn pọ̀ jù. Ẹ kó ìdajì padà. Orúkọ kan ṣoṣo ni mo béèrè."

"Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́," ni Oyètúndé wí láti ilẹ̀.

"Mi ò gbà."

Wọ́n ná an síwá, wọ́n ná an sẹ́yìn, Oyètúndé ń fà á sókè, Alájì ń fà á wálẹ̀. Níkẹyìn ẹnu wọn kò sí "Ẹ ṣeun" kan péré, láìsí "gan-an ni".

Orúnkún Tìfẹ́olúwa kò padà sí bó ṣe wà mọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ padà sí pápá. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ní bọ́ọ̀lù ní Bobiel nísinsìnyí, bó bá sì fọn fèrè, ẹni tó wà ní òpópónà kejì máa dúró.

Alájì Mùsílíù kú ní ìgbà ooru tó kọjá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n rò pé yóò bá málékà tó wá gba ẹ̀mí rẹ̀ fà á díẹ̀, ó kéré tán. Qòsím ní rárá. Ó ní bàbá òun kàn béèrè omi, ó mu ún, ó kí gbogbo wọn, ó sì sùn. Wọ́n sin ín kí ìrun àsárì tó pé. Lẹ́yìn náà, etí Oyètúndé kò gba ìró ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ mọ́, ó ń dún jù.

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, ìtàn ń tẹ̀lé ìtàn. Wọ́n sọ ti dókítà, wọ́n sọ ti Àbẹ̀ẹ́bí, àwọn àgbàlagbà ń fi etí agbádá nu omijé ẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n túká, Oyètúndé àti Tìfẹ́olúwa jọ ń rìn bọ̀ wálé. Ọmọ náà ti rẹ́rìn-ín títí, ó wá kọjú sí bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, kí ló dé tí Alájì fi dìde nítorí mi nílé aṣòfin? Èmi kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Wọn ì bá ti tì í mọ́lé."

"Mo bi í," ni Oyètúndé wí. "Ó ní gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń kí òun bí wọ́n bá ń lọ sí ilé ìwé. Àwọn kan ní bonjour, àwọn kan ní sannu, àwọn kan ní fofo. Ó ní ìwọ nìkan lo máa ń dúró lẹ́nu ìsọ̀, tí o máa ń kúnlẹ̀, tí o sì máa ń kí òun ní Yorùbá."

Tìfẹ́olúwa bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá, ṣé ẹ jí dáadáa? Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ nígbà yẹn! Bó bá ti dáhùn, mi ò mọ ohun tó kàn mọ́. Ṣe ni mo máa ń sá lọ."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo ní, Alájì, ọmọ yìí ò mọ̀ ju ìyẹn lọ o."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní ó tó."